Mo Ní Ẹ̀rọ Náà Ti Bàjẹ́

Aṣọ ni mo ń lù jẹun l'Ọ́jẹ̀ẹ́. Tí àdìrẹ bá gbẹ tán, màá tẹ́ ẹ sórí ìtì igi, màá fi kùmọ̀ lù ú títí yóò fi máa dán.

Wọ́n ti gé ọmú òsì ìyá mi nítorí jẹjẹrẹ. Ojú ọgbẹ́ jinná, ìrora ò lọ. Ìyá mi ní ó ń jó àwọn bí iná láti àyà dé abíyá. Wọn ò lè so ìró mọ́ àyà mọ́. Tí wọ́n bá ń kírun, ọwọ́ kan ni wọ́n ń gbé sókè.

Dókítà yẹ̀ wọ́n wò, ó ní àrùn náà ò padà, iṣan tó fara gbọgbẹ́ ni. Ó ní ká lọ bá físíò, ọmọbìnrin kan tó ní ẹ̀rọ tó ń lu ojú ibi tó ń dunni.

"Màmá, ṣé ẹ̀rù ò bà yín?" físíò bi wọ́n nígbà tó ń dá ọjọ́ fún wa.

"Ọmọ tó ń lu nǹkan lójoojúmọ́ ni mo bí. Ẹ lù mí."

Èmi lẹ̀rù bà. Mo rò pé lílù yóò jí àrùn náà. Lọ́jọ́ tó yẹ ká lọ, mo parọ́ fún ìyá mi pé ẹ̀rọ náà ti bàjẹ́.

Lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀ ni wọ́n ń bi mí: "Ṣé wọ́n ti tún un ṣe?"

"Rárá, Màmi."

Oṣù mẹ́rin ló lọ bẹ́ẹ̀. Irọ́ náà ò ni mí lára. Màá kàn gbé kùmọ̀ mi lọ s'Ọ́jẹ̀ẹ́.

Ọjọ́ tí a padà lọ rí dókítà ni físíò pàdé wa lọ́nà. "Màmá, a retí yín títí! Ẹ̀rọ wà ńlẹ̀, ẹ ò wá."

Ilẹ̀ ni mò ń wò.

"Ara mi ni ò yá," ìyá mi ní. "Ẹ má bínú. Mo ti dé."

Nígbà tí a wọ yàrá rẹ̀, físíò kọ́kọ́ gbé orí ẹ̀rọ náà lé mi látẹ́lẹwọ́, kí n mọ bó ṣe ń lù. Kọ́-kọ́-kọ́-kọ́, bí ẹni ń fi ìka kan ilẹ̀kùn. Agbára rẹ̀ ò tiẹ̀ sún mọ́ ti kùmọ̀ mi.

Ìrora náà ò tán, ṣùgbọ́n lẹ́yìn ẹ̀ẹ̀karùn-ún tí a lọ, ìyá mi ti ń fi ẹ̀gbẹ́ òsì sùn. Títí a fi délé ní Bẹ́yẹrúnká lọ́jọ́ tí àṣírí mi tú, títí dòní, wọn ò bi mí léèrè irọ́ yẹn.

Láàárọ̀ ọjọ́ kan, wọ́n gbé ìró wá. "Bá mi so ó mọ́ àyà."

Mo rọra so ó.

"So ó le. Àbí ọwọ́ tìẹ náà ti bàjẹ́?"

Mo so ó le.