Ibi Tí Alága Kú Sí

Bí mo bá ti gbóòórùn ewé tíì tó ń hó lórí iná, ilé ìyá àgbà mi ní Ifọ̀ ni ọkàn mi máa ń lọ.

Ọ̀sán kan nígbà èwe mi ni alága ìjọba ìbílẹ̀ wa tẹ́lẹ̀ rí dá wá síbẹ̀. Àìsàn ti jẹ ẹ́ débi pé agbádá rẹ̀ ń wọ́lẹ̀. Ìyá àgbà tẹ́ ẹní fún un sí ọ̀dẹ̀dẹ̀, ó gbé tíì gbígbóná fún un, ó sì ní kí n máa fi abẹ̀bẹ̀ fẹ́ ẹ.

Mo kúnlẹ̀ kí i.

“Ọmọ Ṣadé nìyí?” ó bi ìyá àgbà.

“Òun ni.”

Ó wojú mi títí, ó rẹ́rìn-ín, ó sì sùn. Mo ń fẹ́ ẹ lọ, mi ò mọ̀ pé kò mí mọ́.

Nírọ̀lẹ́, àwọn ọmọ rẹ̀ wá gbé e. Lọ́jọ́ kejì, rédíò sọ pé ilé ìwòsàn kan nílùú òyìnbó ló kú sí.

“Irọ́ ni wọ́n ń pa, Ìyá àgbà,” mo wí.

“Jẹ́ kí wọ́n máa sọ ọ́. Àwa mọ ibi tó wá.”

Mo ti bímọ méjì kí n tó mọ̀ pé alága yẹn ni bàbá tó bí Ṣadé, màmá mi.

Lóṣù tó kọjá, mo gbọ́ pé olùkọ́ kan ní Ìbàfò ń kọ̀wé nípa àwọn olóṣèlú agbègbè wa àti ibi tí kálukú wọn kú sí. Mo lọ bá a.

“Ẹ pa ìlú òyìnbó yẹn rẹ́,” mo wí fún un. “Ifọ̀ ni, lọ́dẹ̀dẹ̀ ìyá àgbà mi.”

“Ta ló rí i?”

“Èmi ni, sà. Ẹ kọ orúkọ mi sí i.”