Sadae Gbé Ilẹ̀ Rẹ̀ Padà Sókè

Ẹni ọdún méjìlélọ́gọ́rin ni Sadae.

Ilé rẹ̀ wà lára òkè ní àfonífojì kan tí wọ́n ń pè ní Iya, níbi tí oko ti dà gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́ débi pé bí kókò bá bọ́ lọ́wọ́ èèyàn, ilé aládùúgbò ni yóò ti lọ mú un. Ilẹ̀ pàápàá kì í dúró. Òjò á wọ́ ọ lọ sísàlẹ̀, ẹni tó ni ín á sì gbé e padà sókè. Ìyá ọkọ Sadae gbé e. Ọkọ rẹ̀ gbé e títí ó fi kú. Òun náà ń gbé e.

Lọ́dún yìí, òjò nìkan kọ́. Ìjì kan jà nígbà ooru, nígbà tó sì rọlẹ̀, erùpẹ̀ orí oko tí Sadae fẹ́ gbin ọkà sóbà sí ti wà nísàlẹ̀, nínú oko Torakichi, aládùúgbò rẹ̀.

Nobuo, ọmọ rẹ̀ kan ṣoṣo, pè é lórí fóònù láti ìlú tó wà létí òkun. Ó ti tún yàrá kan ṣe dè é.

"Màmá, ó tó gẹ́ẹ́. Ẹsẹ̀ ń dùn yín."

"Ẹsẹ̀ ti ń dùn mí láti ìgbà tí mo ti lóyún ẹ."

"Bí ẹ ò bá wá rí oko yẹn gbìn ńkọ́?"

"Bí mi ò bá rí i gbìn, wá mú mi."

Ọ̀rọ̀ ti bọ́ lẹ́nu rẹ̀. Kì í sì í ṣe ẹni tó ń kó ọ̀rọ̀ rẹ̀ jẹ.

Àwọn ará òkè yẹn ní òfin tiwọn. Ilẹ̀ tó bá ya wọ oko ẹni ìsàlẹ̀, olóko òkè ló ṣì ni ín, títí di ọjọ́ tí ẹni ìsàlẹ̀ bá gbin nǹkan lé e lórí. Lẹ́yìn ìyẹn, ẹjọ́ tán. Torakichi sì ti sọ pé ọjọ́ Sátidé lòun máa gbin sóbà tòun.

Sadae pọn agbọ̀n sẹ́yìn, ó sọ̀ kalẹ̀. Ó bá Torakichi létí oko, níbi tó ti ń mu sìgá. Sadae fi ọdún mẹ́ta jù ú lọ.

"Ẹ̀gbọ́n, ilẹ̀ yín wá kí mi. Mo bu tíì fún un, ó ní òun ò mu."

"Sọ fún un pé mo ti dé. Àlejò kì í sùn bí onílé."

"Ẹ jẹ́ n bá yín gbé e."

"Àáró lo fẹ́ bá mi ṣe? Ta ló máa wá bá ẹ ṣe tìrẹ? Èmi, pẹ̀lú orúnkún yìí? Jókòó jẹ́ẹ́."

Sadae ń wa ilẹ̀ kún agbọ̀n, ó ń pọ̀n ọ́n gun òkè, ó ń dà á sílẹ̀, ó ń fi koríko gbígbẹ bò ó kó má baà tún sá lọ. Á sọ̀, á tún gùn. Nígbà tó yá, ẹ̀yìn rẹ̀ ò nà mọ́. Ó kúkú ń tẹ̀ rìn bẹ́ẹ̀. Ó ní ilẹ̀ náà lòun ń wò, kí lòun fẹ́ fi ojú ọ̀run ṣe?

Ní ọjọ́ Ẹtì, Torakichi ké sí i láti ìsàlẹ̀.

"Ẹ̀gbọ́n! Ẹ̀rú ọkọ́ mi ti kán. Mi ò lè gbìn lọ́la mọ́, ó di ọ̀sẹ̀ tó ń bọ̀."

"Irọ́ lò ń pa. Mo rí ọkọ́ ọ̀hún lára ògiri rẹ, ó le ju ìwọ alára lọ."

"Òmíràn nìyẹn."

"Torakichi, bí o ò bá gbìn lọ́la, mi ò ní bá ẹ sọ̀rọ̀ mọ́ títí wọ́n á fi sin ọ̀kan nínú wa. Òtútù ń bọ̀. Bí sóbà rẹ ò bá tètè hù, kí lo máa jẹ, àánú?"

Torakichi kò fẹ́ rẹ́rìn-ín, ṣùgbọ́n ẹ̀rín já mọ́ ọn lẹ́nu.

Láàárọ̀ Sátidé, Nobuo gbé mọ́tò dé pẹ̀lú páálí òfìfo tó fẹ́ kó ẹrù ìyá rẹ̀ sí. Ó bá a láàárín òkè, agbọ̀n lẹ́yìn.

"Màmá, ẹ ti gbìyànjú."

Sadae fi ẹnu júwe agbọ̀n bàbá Nobuo tó wà lára ògiri ilé.

"Kì í ṣe ilẹ̀ ni mo wá gbé."

"Jókòó nígbà náà."

Ó jókòó. Ìyá rẹ̀ kọjá níwájú rẹ̀, ó gùn, ó sọ̀, ó tún kọjá. Ọmọ wo ló lè jókòó wo ìyẹn? Ó bọ́ kóòtù, ó gbé agbọ̀n pọ̀n, ó sọ̀ lọ wa ilẹ̀ kún un. Kò tíì rìn jìnnà tí bàtà ìlú fi yọ̀ ọ́. Tòun tẹrù ló yí gbirigbiri dé iwájú Torakichi, tó ti ń gbìn bọ̀ láti ẹ̀gbẹ́ kejì oko.

"Ẹ̀gbọ́n! Ilẹ̀ tún ti dé o, ó mú ọmọ yín dání!"

Sadae rẹ́rìn-ín títí ó fi di agbọ̀n mú. Nobuo bọ́ bàtà, ó fẹsẹ̀ lásán gun òkè.

Nígbà tí oòrùn yẹ àtàrí, Torakichi gbìn dé etí ibi tí ilẹ̀ Sadae ṣẹ́ kù sí. Ìwọ̀nba ilẹ̀ tẹ́ẹ́rẹ́ ni. Ó dúró, irúgbìn ń bẹ lọ́wọ́ rẹ̀.

"Mo lè lọ jẹun ná."

"O ti jẹun. Gbìn ín. Tìrẹ nìyẹn."

Ó gbìn ín.

Sadae gòkè lọ. Ilẹ̀ oko rẹ̀ fẹ́lẹ́, ó fẹ́lẹ́ ju ti èṣí lọ, ṣùgbọ́n ó kárí. Ó kọjú sókè, ó ń fọ́n irúgbìn, ó ń fi ọkọ́ fa ilẹ̀ bò ó, títí ó fi dé òkè pátápátá. Nobuo fẹ́ gba ọkọ́, kò fún un.

"Òjò á tún rọ̀ lọ́dún tó ń bọ̀ o, Màmá."

"Mo mọ̀. Wọ bàtà gidi wá."

Nobuo kó páálí rẹ̀ padà sínú mọ́tò lófìfo. Wọn ò sọ ọ̀rọ̀ dídùn kankan síra wọn. Ọ̀rọ̀ dídùn ò gbé erùpẹ̀ rí.

Nírọ̀lẹ́ ọjọ́ náà, Sadae sun kókò, ó fi mísò pa á lára, irú tí wọ́n ń fi ẹ̀wà sóyà ṣe, ó sì jẹ ẹ́ tèèpo tèèpo.