Bí Aunty Modinat Ṣe Sọ Ibi Tí Samirah Wà

Gbogbo ohun tí mo fẹ́ kọ sílẹ̀ yìí, òótọ́ ni láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin. Bí mo bá fi irọ́ kan ṣoṣo lù ú, kí adùn kúrò nínú iyọ̀ ilé mi. N kò lọ sí iléèwé gíga kankan, fúnra mi ni mo kọ́ ìwé, ṣùgbọ́n láti Snellville títí dé Hampton, kò sí ọ̀ràn ọmọ Yorùbá kan tí kò gba iwájú ilé mi kọjá. Ti Aunty Modinat yìí, bí ẹni pé mo wà lábẹ́ àga ni mo ṣe mọ̀ ọ́n.

Ní Snellville, lẹ́yìn àwọn ṣọ́ọ̀bù tí wọ́n ti ń ta wíìgì àti pízà, iléèwé kan wà tí Alàgbà Kọ́ládé dá sílẹ̀. Ìbàdàn ni baba náà ti kàwé láyé ọjọ́un, nígbà tí ẹni tó bá wà ní síkìsì fọ́ọ̀mù ń rìn bí ọmọ ọba. Nígbà tó dá tirẹ̀ sílẹ̀ ní Amẹ́ríkà, ó ní àfi kí síkìsì fọ́ọ̀mù wà lórí rẹ̀. Àwọn òyìnbó bi í pé kí ni ìyẹn. Ó ní ọdún méjì ni, lẹ́yìn tí ọmọ bá parí iléèwé girama tí kò sì tíì wọ yunifásítì, kí ọpọlọ rẹ̀ lè jinná dáadáa.

Aunty Modinat ló di síkìsì fọ́ọ̀mù náà mú. Ọmọ Ìsẹ́yìn ni. Ó ti kọ́ àwọn ọmọ ní kẹ́mísìrì ní Ìbàdàn kí ó tó tẹ̀lé ọkọ rẹ̀ wá sí Atlanta, ọkọ náà sì ti ṣaláìsí. Àwọn arúgbó ló kọ́kọ́ ń tọ́jú, shift lórí shift, kí Alàgbà Kọ́ládé tó rí i níbi ìkómọjáde kan, tó ń ṣàlàyé fún àwọn ọmọdé ìdí tí ọṣẹ fi ń hó. Baba ní, "Ìwọ obìnrin yìí, kí lo wá ń ṣe níbi tí wọ́n ti ń nu arúgbó?" Bó ṣe dé Snellville nìyẹn.

Àwọn ọmọ tí iléèwé mìíràn ti fọwọ́ rọ́ sẹ́yìn ni wọ́n ń kó wá fún un. Ọmọ tí kò mọ iye tó wà nínú dọ́sìnnì kan, bí Aunty Modinat bá fi ọdún méjì rọ ọ́, yóò máa wọn omi òkun. Mo rí ọ̀kan nínú wọn tó fi ìṣirò sọ ìgbà tí òjò máa dá, òjò náà ò sì gbọdọ̀ kọjá ibẹ̀.

Ẹgbẹ́ kan wà tó ń wọn àwọn iléèwé aládàáni wò bí wọ́n ṣe ń fi òṣùwọ̀n wọn àgbàdo. Iléèwé tí wọ́n bá fọwọ́ sí nìkan ni àwọn ọmọ rẹ̀ lè ṣe ìdánwò àṣekágbá. Lọ́dún tó kọjá, wọ́n rán ọ̀dọ́mọbìnrin kan tó ń jẹ́ Joanna wá wọn ti Alàgbà Kọ́ládé. Joanna jókòó sẹ́yìn kíláàsì, ó wo bí wọ́n ṣe ń kọ́ni, ó yẹ èsì ìdánwò wò, ó ń mi orí pé ó dára. Ó wá ku èyí tó tóbi jù: àwọn tó ti jáde ní síkìsì fọ́ọ̀mù, níbo ni wọ́n wọlé sí? Kò gbọdọ̀ bi iléèwé, nítorí iléèwé lè yin ara rẹ̀. Òfin wọn ni pé kí ó pe òbí kọ̀ọ̀kan lórí fóònù, kí ó ní, "Ọmọ yín ńkọ́? Kí ló ń ṣe báyìí?"

Ibẹ̀ ni ọ̀rọ̀ ti bàjẹ́.

Ní àárọ̀ Ọjọ́rú kan, ọ̀gá iléèwé náà, Dókítà Fọlábí, ránṣẹ́ pe Aunty Modinat sí ọ́fíìsì.

"Aunty, ẹ jókòó."

"Ẹ jẹ́ kí n dúró. Bí ẹ bá ti ní kí n jókòó, nǹkan ti ṣẹlẹ̀ nìyẹn."

"Wọ́n fẹ́ ti síkìsì fọ́ọ̀mù pa. Wọ́n ní nínú gbogbo àwọn tó ti jáde, ọmọ méjì péré ló rí yunifásítì wọ̀. Wọ́n ní àwọn yòókù wà nílé."

"Ilé ta ni?"

"Ilé bàbá wọn."

Aunty Modinat rẹ́rìn-ín, ẹ̀rín náà ò sì dùn létí. "Àwọn tí mo fọwọ́ ara mi kọ̀wé sí yunifásítì fún ni wọ́n ní wọ́n wà nílé?"

"Lọ́sàn-án ọjọ́ Jímọ̀ ni wọ́n máa fọwọ́ sí i. Àwọn tó wà ní kíláàsì báyìí ò ní lè ṣe ìdánwò. Gbogbo làálàá wọn á wọmi."

Ó wá jókòó nígbà náà. Ó ń gbọ́ ohùn àwọn ọmọ náà láti òdìkejì ògiri, wọ́n ń jiyàn lórí ìṣirò tó fún wọn, wọn ò mọ̀ pé ilẹ̀ ti yẹ̀ lábẹ́ wọn. Ọmọ tí ayé ti kọ̀ sílẹ̀ lẹ́ẹ̀kan, bí wọ́n bá tún kọ̀ ọ́ lẹ́ẹ̀kejì, ta ni yóò tún gbé e dìde? Òógùn bò ó débi pé a lè fún kóòtù rẹ̀ kí omi rẹ̀ kún korobá.

Ó lọ bá Joanna nínú yàrá tí wọ́n fún un.

"Joanna, ìwọ ọmọ yìí, ta ló sọ fún ẹ pé àwọn ọmọ mi wà nílé?"

"Àwọn òbí wọn ni, mà."

"Kí gan-an ni wọ́n sọ?"

"Ẹnì kan ní ọmọ òun ń gbìyànjú. Mo ní níbo ló ti ń gbìyànjú, ó ní ibi tí Ọlọ́run bá fi í sí. Ẹnì kan ní òun dúpẹ́, ó sì pa fóònù. Ẹnì kan bi mí pé ta ló rán mi. Òmíràn ní ọmọ òun ò tíì ṣe nǹkan kan, kí n máa fi í sínú àdúrà. Mo sì gbàdúrà fún un, mà."

Ọ̀rọ̀ náà yé Aunty Modinat lójú ẹsẹ̀, ó sì yé ẹ̀yin tí ẹ ń kà á. A kì í ka ọmọ fún ọlọ́mọ. Ta ni yóò dúró lórí fóònù, fún àlejò tí kò rí ojú rẹ̀, kí ó ní ọmọ òun ti ń di ẹni ńlá? Ayé ń gbọ́. Ohùn lásán kan láti ibi tí ẹnìkan ò mọ̀, tó ń béèrè ọmọ ẹni lórúkọ, ìdáhùn wo ló tọ́ sí i ju "a dúpẹ́" lọ? Ṣùgbọ́n báwo ni yóò ṣe gbé èyí kalẹ̀ fún ọmọ òyìnbó?

Joanna ṣì ń rò ó. "Ìyá kan tiẹ̀ wà tó ní, 'Ó kàn wà níbẹ̀ náà ni. Ó ń mánéèjì.' Mo ní ṣé ó ń lọ síléèwé. Ó ní, 'Iléèwé kẹ̀? Á dáa.'"

Aunty Modinat pàtẹ́wọ́. "Ìyá wo nìyẹn? Sọ orúkọ rẹ̀ fún mi. Ẹnu bẹ́ẹ̀ ló fẹ́ ti síkìsì fọ́ọ̀mù pa."

Joanna wò ó tàánútàánú. "Ẹ̀yin ni, mà."

Ó rántí. Iwájú mọ́ṣáláṣí ló wà nígbà tí fóònù dún, ó ń wá bàtà rẹ̀, ohùn àjèjì kan sì béèrè Samirah, ọmọ kan ṣoṣo tó bí, tó wà lára àwọn tó kọ́kọ́ jáde ní síkìsì fọ́ọ̀mù. Ẹnu rẹ̀ fúnra rẹ̀ ló dáhùn kí ọkàn rẹ̀ tó mọ̀. Nígbà tó wà lọ́mọdé, ẹ̀gbọ́n rẹ̀ Ganiyu yege ìdánwò yunifásítì, ìyá wọn sì gbé ìròyìn náà kiri gbogbo Ìsẹ́yìn, láti agboolé dé agboolé. Òjò ọdún náà ò tíì dá tí ibà fi mú Ganiyu lọ. Láti ìgbà náà, bí Aunty Modinat bá ní ohun rere kan lára ọmọ, abẹ́ ahọ́n ló ń fi í sí.

"Bí mo bá sọ òótọ́ báyìí ńkọ́?" ó béèrè.

"Ti ọmọ yín nìkan ni mo lè gbà lẹ́nu yín. Àwọn yòókù, àfi kí àwọn òbí wọn fẹnu ara wọn sọ ọ́ kí ọ̀sán ọjọ́ Jímọ̀ tó pé."

Ó wá sọ ọ́ kẹ́lẹ́kẹ́lẹ́, bí ẹni tí kò fẹ́ kí ògiri gbọ́: "Samirah wà ní Augusta. Iṣẹ́ dókítà eyín ló ń kọ́. Ó ti dé ọdún kẹta." Bó ṣe sọ ọ́ tán, ó fọwọ́ bo ẹnu, àfi bí ẹni tó fẹ́ dá a padà.

Ní Ọjọ́bọ̀, láti àárọ̀ ló ti ń pe àwọn òbí. Wọ́n ń kí i dáadáa, wọ́n ń bi í nípa ara rẹ̀, ṣùgbọ́n bí ó bá dé orí ọ̀rọ̀ náà, wọ́n á ní, "Aunty, ẹ jọ̀ọ́, ẹ má dárúkọ ọmọ mi níbẹ̀." Nígbà tó rí i pé ọ̀nà ti fẹ́ dí pátápátá, ó wọ mọ́tò, ó di Hampton, lọ́dọ̀ Uncle Surajudeen. Mẹkáníìkì ni Surajudeen, ṣọ́ọ̀bù rẹ̀ ò jìnnà sí pápá ìdíje mọ́tò. Òun ni alága ẹgbẹ́ òbí. Bí Aunty Modinat ṣe sáré tó lọ́jọ́ náà, àwọn tó wà lójú ọ̀nà rò pé inú pápá ìdíje ni mọ́tò náà ti já.

"Aunty, kí ló ń ṣe mọ́tò yín?"

"Èmi gan-an ni nǹkan ń ṣe. Uncle, Abdussalam ńkọ́?"

"A dúpẹ́. Ó ń gbìyànjú."

"Èmi ni mo kọ́ ọ ní físíìsì. Mo mọ yunifásítì tó ti ń kọ́ ẹ̀rọ bàálù."

"Mo mọ̀ pé ẹ mọ̀. Ó ń gbìyànjú náà ni."

Aunty Modinat kúnlẹ̀ sórí ilẹ̀ ṣọ́ọ̀bù.

"Ẹ dìde, ẹ dìde. Epo ló wà níbẹ̀ yẹn. Ẹ máa ba aṣọ jẹ́."

"Kí ó bàjẹ́. Wọ́n fẹ́ lé àwọn ọmọ mi síta, Uncle. Ẹ pe Joanna, kí ẹ sọ ibi tí Abdussalam wà."

Surajudeen gbé sípánà sílẹ̀. "Ẹ̀yin náà, ṣé ẹ ti sọ ti Samirah?"

"Mo ti sọ ọ́."

"Torúkọtorúkọ?"

"Torúkọtorúkọ. Mo sọ ìlú tó wà, mo sọ iṣẹ́ tó ń kọ́."

Ọkùnrin náà wo ẹ̀yìn, ó wo iwájú. "Bí nǹkan bá ṣe é ńkọ́?"

"Ìdí rẹ̀ nìyẹn tí oúnjẹ ò fi lọ lọ́nà ọ̀fun mi láti àná." Omijé dà lójú rẹ̀. "Ẹni tó bá ta ará ilé rẹ̀ lọ́pọ̀, kò ní rí i rà lọ́wọ̀n-ọ́n mọ́. A ti ta àwọn ọmọ yìí lọ́pọ̀, Uncle. Òyìnbó ti gbà pé wọn ò jẹ́ nǹkan kan."

Surajudeen lọ fọ ọwọ́, ó fọ ẹnu, ó tiẹ̀ fọ ojú pẹ̀lú, bí ẹni tó fẹ́ kírun. Ó pe Joanna. Ó di ojú pinpin, ó sì sọ ti Abdussalam bí ẹni pé ẹnìkan lúgọ sáàárín àwọn táyà. Lẹ́yìn náà, ó gbé ohùn rẹ̀ sórí WhatsApp àwọn òbí: "Mo ti sọ ti Abdussalam. Aunty Modinat ti sọ ti Samirah. Bí ó bá jẹ́ ti ojú ayé ni, ẹ jẹ́ kí gbogbo wa sọ ọ́ pọ̀, kí ojú náà má mọ ẹni tí yóò wò."

Bí àwọn kan ṣe bẹ̀rẹ̀ sí í pe Joanna nìyẹn. Ṣùgbọ́n àwọn mìíràn dákẹ́. Ní àárọ̀ ọjọ́ Jímọ̀, Aunty Modinat wa mọ́tò lọ bá Ìyá Ṣìkẹ́mi ní Douglasville, nítorí Ṣìkẹ́mi ló mọ̀wé jù nínú gbogbo wọn. Ìyá Ṣìkẹ́mi ṣílẹ̀kùn díẹ̀. Ẹ̀wù tó wọ̀, orúkọ yunifásítì ọmọ náà ló wà láyà rẹ̀ gàdàgbà.

"Ṣìkẹ́mi ò ṣe nǹkan kan, Aunty."

"Ẹ̀wù ọrùn yín ńkọ́?"

Obìnrin náà bojú wo àyà ara rẹ̀. "Òkìríkà ni."

"Ìyá Ṣìkẹ́mi, mo fi Ọlọ́run bẹ̀ yín."

"Mo ti sin ọmọ méjì ṣáájú rẹ̀," obìnrin náà wí jẹ́jẹ́. "Ẹ má bínú sí mi." Ó sì ti ilẹ̀kùn.

Aunty Modinat jókòó sínú mọ́tò níwájú ilé náà títí ọ̀sán fi pọ́n.

Níbẹ̀ ni Fọlábí ti pè é. Ó ní àwọn tó sọ òótọ́ pọ̀, ṣùgbọ́n wọn ò pọ̀ tó. Wọn ò ní ti síkìsì fọ́ọ̀mù pa lọ́dún yìí. Àwọn tó wà níbẹ̀ á ṣe ìdánwò wọn. Ṣùgbọ́n iléèwé ò gbọdọ̀ gba ọmọ tuntun sí i títí Joanna yóò fi padà wá wọ̀n ọ́n.

"Aunty, ẹ gbọ́? Wọ́n á ṣe ìdánwò."

"Mo gbọ́. Al-hamdu lillahi." Ó pa fóònù náà, ó sì pe Samirah.

Samirah ò gbé e. Ó tún pè é. Ó yí mọ́tò padà sí ọ̀nà Augusta, ó la Atlanta kọjá láì rí i, ojú Ganiyu nìkan ló ń rí níwájú gíláàsì. Ó ti rìn jìnnà kí fóònù tó dún.

"Mọ́mì, kíláàsì ni mo wà. Kí ló ṣẹlẹ̀?"

"Kò sí. Mo kàn fẹ́ gbọ́ ohùn ẹ."

"Ṣé ẹ ń sunkún ni?"

"Eruku ojú ọ̀nà ni."

Ó páàkì sẹ́gbẹ̀ẹ́ títì, ó gbé orí lé ọwọ́ mọ́tò, àwọn tírélà ń kọjá, mọ́tò náà ń mì. Láti ọjọ́ náà, kì í sọ̀ kalẹ̀ lórí bẹ́ẹ̀dì láàárọ̀ láì kọ́kọ́ gbọ́ ohùn Samirah. Ó sì mọ̀ pé bí Joanna bá tún pè lọ́dún yìí, òun yóò tún sọ ọ́.

Bí ẹnikẹ́ni bá ní irọ́ ni mo pa, Uncle Surajudeen ṣì wà láàyè ní Hampton, nínú ṣọ́ọ̀bù rẹ̀, ẹ lọ bi í. Yóò fi ibi tí Aunty Modinat kúnlẹ̀ sí hàn yín. Bí ẹ bá sì bi í pé Abdussalam ńkọ́, yóò ní ó ń gbìyànjú.