Okùn Méjì fún Ṣọ́ọ̀kì Jíìpù Ìjọ

Wọ́n ní Bàbá Ràdíátù ló ń tú ṣọ́ọ̀kì jíìpù ìjọ wa tà. Kí Ọlọ́run dárí jì mí, mo gba ọ̀rọ̀ náà gbọ́ dé ìdajì, torí mo fojú ara mi rí i lọ́jọ́ kan ní Olódì-Àpápá, tó gbé irin tí ó fi bébà sìmẹ́ǹtì wé dání. Èmi tí mò ń ṣáájú àdúrà àwọn ìyá! N kò bi í léèrè. Mo kàn bẹ̀rẹ̀ sí í wò ó níwòkuwò.

Ìyàndá lorúkọ rẹ̀. Mùsùlùmí ni. Ó wa tírélà ní Wọ́ọ̀fù, èbúté Àpápá, fún ọdún méjìlá, kí ẹ̀yìn dídùn tó lé e kúrò níbẹ̀. Ìjọ gbà á kó máa wa jíìpù ilé ìgbẹ̀bí wa, kó máa gbé aboyún la omi Ajégúnlẹ̀ kọjá. Kò sí Kristẹni kan láàrin wa tó fẹ́ iṣẹ́ náà.

Ní 1991, omi wọ ẹ́ńjìnnì. Ìgbìmọ̀ ní kí wọ́n gbé jíìpù ga. Wọ́n fi sípíríǹgì lọ́rì kún abẹ́ rẹ̀, ó sì ga débi pé orí àpótí la ti ń gùn ún. Aboyún àti àpótí! Ṣùgbọ́n omi kò wọlé mọ́, a dúpẹ́. Àmọ́ láti ìgbà náà ni ṣọ́ọ̀kì, irin bí ìgò gígùn tó ń gba ìfò ọkọ̀ mọ́ra, kì í lò ju oṣù méjì lọ. A rà, ó já. A tún rà. Ibẹ̀ ni àwọn ará ti ní ó ń tà á.

Lọ́jọ́ Sátidé kan, kí òjò 1993 tó dé, ìgbìmọ̀ jókòó sórí pẹ̀tẹ́sì ilé ìgbẹ̀bí láti yan òmíràn. Obiora, tó ń ta ẹ̀yà ara ọkọ̀, gbé oríṣi méjì wá: tuntun pupa tó ń dán, àti tòkunbọ̀ kan tó gùn, tí ọ̀dà rẹ̀ ti bó. Alàgbà Adékànmí, akọ̀wé ní Wharf Road, gbé pupa náà dúró, ó fọwọ́ méjèèjì tẹ̀ ẹ́. Kò mì.

"Èyí le! Mátíróònù, ẹ wá jókòó lé e."

"Alàgbà, ṣé èmi lòkúta òṣùwọ̀n yín ni?" Philomena, ìyá ìgbẹ̀bí wa, ló sọ bẹ́ẹ̀, ó sì jókòó. Irin náà rọra ń wálẹ̀ bí ẹni tó ń kẹ́dùn. A pàtẹ́wọ́.

Bàbá Ràdíátù kò pàtẹ́wọ́. Ó ti sú u. Ó fa okùn méjì yọ lápò.

"Mo fi jáàkì gbé jíìpù títí ẹsẹ̀ rẹ̀ fi rọ̀ dirodiro. Bí ṣọ́ọ̀kì ṣe gbọ́dọ̀ gùn tó nìyí. Mo wá kó sìmẹ́ǹtì kún inú ọkọ̀ títí tó fi wálẹ̀ pátápátá. Bó ṣe gbọ́dọ̀ lè kúrú tó nìyí. Líle kọ́ ló kọ́kọ́ kàn. A gbé mọ́tò ga, a ò wá ṣọ́ọ̀kì tó gùn sí i. Bí ẹsẹ̀ bá bọ́ sí kòtò, á nà án títí, á fà á já."

Ó na okùn gígùn sára pupa náà. Pupa kúrú ní ìbú ọwọ́ kan. Ó fa tòkunbọ̀ gùn, ó tún tẹ̀ ẹ́ kúrú, okùn méjèèjì ṣe rẹ́gí.

"Àwọn tó já ńkọ́?" Adékànmí bi í.

Obiora ló dáhùn: "Ṣọ́ọ̀bù mi ní Olódì-Àpápá ni wọ́n wà, sà. Bàbá máa ń fi bébà wé e wá kí n lè rí ibi tó ti já. Gbogbo ẹ̀ ló pé."

Ojú tì mí, mo wo ilẹ̀. Mo rò pé ó parí.

"Ó dáa," ni Adékànmí wí. "Kó gbé Kùránì, kó búra pé òun ò ta ìkankan. Ká lè fi sínú ìwé ìpàdé."

"Alàgbà, gígùn là ń sọ," ni Bàbá Ràdíátù wí.

"Olè lèmi ń sọ. Tọ́wọ́ ẹ bá mọ́, kí ló ń bà ẹ́ lẹ́rù?" Bàbá Ràdíátù fi ọdún mẹ́wàá jù ú lọ.

"Ẹrù tó gba ọwọ́ mi kọjá ní Wọ́ọ̀fù, kò sẹ́ni tó ní kí n búra rí. Bí mo bá búra lónìí, tí ṣíbí kan bá sọ nù lọ́la, ẹ ó tún gbé e wá."

"Alàgbà, aboyún mẹ́ta wà nísàlẹ̀!" Philomena pariwo. "Ìbúra lẹ ń wá?"

Adékànmí ní bí ìgbìmọ̀ ṣe ń ṣe é nìyẹn. Pásítọ̀ ní ká fara balẹ̀. Bàbá Ràdíátù ti wọ bàtà rẹ̀ láìbúra. Ó ń sọ̀kalẹ̀ lórí àtẹ̀gùn níkọ̀ọ̀kan, Adékànmí ṣì ń ka òfin ìgbìmọ̀ tẹ̀ lé e.