Ìgbà tí Èmi àti Múní ń Dúró de Lékèélékèé

Ní ìrọ̀lẹ́ àná, lẹ́yìn tí òjò dá, iná lọ ní àdúgbò wa ní Bódìjà. Jẹnẹrétọ̀ ilé kejì náà kú lójijì, bóyá epo ló tán nínú rẹ̀. Kí n tó mọ̀, àwọn àkèré ti bẹ̀rẹ̀ sí í ké nínú gọ́tà ẹ̀yìn ilé. Ọmọ ọmọ mi tó wá lo ìsinmi lọ́dọ̀ mi gbé ojú kúrò lára fóònù rẹ̀, ó ní, "Mọ́mì àgbà, kí ló ń dún yẹn?" Mo ní àkèré ni. Ó ní, "Ṣé wọ́n máa ń gé èèyàn jẹ ni?" Mo rẹ́rìn-ín títí omi fi bọ́ lójú mi, ṣùgbọ́n kì í ṣe ẹ̀rín nìkan ló fa omi ojú náà. Igbe wọn ti gbé mi padà sí akúrò tí mo ti ṣeré ní kékeré.

Akúrò náà wà láàárín Bódìjà àti Agbowó, níbi tí ẹ̀yin ọmọ ìsinsìnyí ti ń rí ilé alájà mẹ́ta-mẹ́ta àti ṣọ́ọ̀bù tó ń tàn yòò. Odò kékeré kan ló máa ń kún ya ibẹ̀ nígbà òjò, ilẹ̀ á sì rọ̀ bí ẹ̀kọ gbígbóná títí ọyẹ́ á fi dé. Koríko ibẹ̀ ga ju àgbàlagbà lọ. Àwọn kan gbin ẹ̀fọ́ àti ìrèké sí etí rẹ̀, ọparun sì wà ní ìhà kan, tí àwọn ẹ̀ga so ìtẹ́ rọ̀ mọ́, tí wọ́n ń pariwo láti àárọ̀ ṣúlẹ̀ bí àwọn tó ń pín ogún. A máa ń rí alákàn tó ń fẹ̀gbẹ́ rìn. A máa ń rí awọ́nríwọ́n tó ń yá oòrùn lórí òkúta, tí á yọ ahọ́n sí wa, tí á sì rọra wọ inú omi lọ. Ẹyẹ kékeré kan wà tó máa ń já ṣòòròṣò sínú odò láti gbé ẹja. Ẹ̀yìn rẹ̀ dà bí aṣọ aláró, ẹnu rẹ̀ pupa. A kò mọ orúkọ rẹ̀, Ọ̀gá Apẹja ni Múní ń pè é. Ẹ̀lúlùú ní tirẹ̀ kì í fẹ́ kí èèyàn rí òun. Ohùn rẹ̀ ni a máa ń gbọ́ nínú koríko, bí omi tó ń dà jáde lẹ́nu ìgò, a ó sì máa sá lọ sílé torí pé ó dá wa lójú pé òjò ló ń pè.

Múnírátù ni Múní ń jẹ́ ní kíkún. Ọmọ Ṣakí ni bàbá rẹ̀, dírẹ́bà ni wọ́n ní iléeṣẹ́ kan ní Dùgbẹ̀, bọ́ìsì-kọ́tà ẹ̀yìn ilé wa ni wọ́n sì háyà. Olùkọ́ ni bàbá tèmi, ọmọ ìjọ Áńgílíkà tí kì í fi àdúrà àárọ̀ ṣeré. Kí wọ́n tó kọ orin àkọ́kọ́ tán fún wa, àwọn ará ilé Múní ti kírun tán, wọ́n ti mu ẹ̀kọ, Múní á sì ti dúró lẹ́yìn fèrèsé wa, á máa yọ ojú sí mi kí n lè tètè ṣe àmín. Kíláàsì kan náà la wà. Ó kéré sí mi, eyín iwájú rẹ̀ kan ti yọ, ṣùgbọ́n òun ni ọ̀gá mi ní akúrò. Òun ló kọ́ mi bí a ṣe ń lóṣòó láìmira títí àwọn ẹran inú koríko á fi gbàgbé pé èèyàn wà níbẹ̀. Èmi tí ẹnu mi kì í dákẹ́ ní kíláàsì, mo dákẹ́ fún Múní.

Ní ìsinmi gbọọrọ ọdún kan, iṣẹ́ bọ́ lọ́wọ́ bàbá Múní. Wọ́n ní kí ilé ẹ̀kọ́ tó wọlé, àwọn á kó padà sí Ṣakí. Ìyá mi ló sọ fún mi, mo sì sá lọ bá Múní nídìí ọparun. Ó ti gbọ́. Kò sunkún. Ó wo èékánná rẹ̀, ó ní, "Lékèélékèé ò tíì dé. Tí wọ́n bá dé, a ò ní lọ mọ́."

Ẹ jẹ́ kí n ṣàlàyé fún ẹ̀yin tí ẹ kò mọ̀. Bí òjò bá ń lọ sópin, lékèélékèé máa ń dé, agbo-agbo, funfun báláú. Bí wọ́n bá ti ń kọjá lókè, gbogbo ọmọdé á na ọwọ́ méjèèjì sí wọn, wọ́n á máa jó èékánná wọn lójú òfuurufú, wọ́n á máa bẹ̀ wọ́n pé kí wọ́n fi funfun wọn kùn wọ́n léèékánná. Ẹni tí àmì funfun bá yọ sí léèékánná lẹ́yìn náà, ayé ti yẹ ẹ́ nìyẹn. Ní agbo ilé tiwa, ohun tó bá ń fẹ́ á tẹ̀ ẹ́ lọ́wọ́. Ohun tí àwọn tó kù ń fẹ́ ni bàtà tuntun tàbí aṣọ ọdún. Múní fẹ́ kí wọ́n má kó lọ.

Láti ọjọ́ náà, a kì í ṣeré mọ́. Iṣẹ́ ló di. Bí a bá ti jẹun àárọ̀ tán, akúrò yá, ojú wa á wà lókè títí ọrùn á fi máa ro wá. Ìyá mi ní, "Ẹ̀yin ọmọ yìí, ejò ò ní fi yín ṣeré o." A ó ní ẹ ṣé, mà, a ó sì lọ.

Ní àárọ̀ ọjọ́ kan, Múní fa aṣọ mi ya. Ó ń nàka sí òdìkejì akúrò. Lóòótọ́, funfun wà lórí koríko níbẹ̀, ó pọ̀, ó ń mì lẹ̀gẹ̀lẹ̀gẹ̀ nínú atẹ́gùn. A sáré wọ inú ẹrọ̀fọ̀, a na ọwọ́ wa, a ń jó èékánná, a ń bẹ̀bẹ̀ tọkàntọkàn. Funfun náà kò fò. Ọkùnrin kan ló dìde láàárín rẹ̀. Bàbá Alágbàfọ̀ ni, tó máa ń fọ aṣọ fún ìjọ wa. Ẹ̀wù àwọn akọrin ni wọ́n sá sórí koríko. Wọ́n wo àwa àti ọwọ́ wa tó wà lókè, wọ́n ní, "Ẹ̀yin ọmọ, ṣé kí n bá yín fọ èékánná náà mọ́ ọn ni?"

Mo rẹ́rìn-ín débi pé mo jókòó sínú ẹrẹ̀. Múní ò rẹ́rìn-ín. Ìgbà yẹn ni mo kọ́kọ́ rí i tó sunkún.

Ọkọ̀ akẹ́rù wá ní ọ̀sẹ̀ tó tẹ̀ lé e. Wọ́n kó ẹní, ìkòkò àti àga, wọ́n gbé Múní jókòó sórí ẹrù pẹ̀lú ìyá rẹ̀. Títí ọkọ̀ fi ṣí, òkè ló ń wò. Èmi náà ń wo òkè. Kò sí nǹkan kan níbẹ̀ àfi ìkuukùu.

Ilé ẹ̀kọ́ ti wọlé kí lékèélékèé tó dé. Mo ń bọ̀ láti ilé ẹ̀kọ́ ni mo rí wọn, tí wọ́n bo akúrò pátápátá, mi ò sì na ọwọ́ sí wọn. Mo wọlé tìbínú-tìbínú, mo sọ fún ìyá mi pé wọ́n ti pẹ́ jù, kí wọ́n máa padà lọ. Ẹ̀wà ni ìyá mi ń ṣà lọ́wọ́. Wọ́n ní, "Níbo lo rò pé wọ́n ti ń bọ̀? Òkè lọ́hùn-ún ni, wọ́n sì gba ọ̀nà Ṣakí kọjá. Wọ́n ti rí Múní kí wọ́n tó rí ìwọ."

Mo padà sí akúrò, mo jókòó tì wọ́n títí ilẹ̀ fi ṣú. Ó dùn mí, ó sì dùn mọ́ mi.

Wọ́n ti da yẹ̀pẹ̀ dí akúrò náà, ọparun kò sí mọ́, mi ò sì mọ ibi tí Ọ̀gá Apẹja kó lọ. Àwọn ọmọ mi ti bá mi wá Múní lórí fóònù. Múnírátù tí wọ́n rí pọ̀, kò sí èyí tó mọ̀ mí nínú wọn. Ṣùgbọ́n lékèélékèé ṣì ń wá. Wọ́n máa ń bà sáàárín àwọn màlúù tí wọ́n kó wá sí ọjà Bódìjà, nínú ariwo àti èéfín mọ́tò, bí ẹni pé kò sí ohun tó yí padà. Àwọn ọmọdé ń kọjá lára wọn, wọn kì í na ọwọ́. Mi ò bá wọn wí, ta ni ì bá kọ́ wọn?

Lọ́dọọdún, bí òjò bá ti ń palẹ̀ mọ́, mo máa ń jáde sí fàráńdà láàárọ̀, n óò máa wo apá òkè lọ́hùn-ún. Bí agbo àkọ́kọ́ bá yọ, n óò dìde fún wọn, n óò sì bi wọ́n bí a ti ń bi ẹni tó ti ìrìn àjò dé: "Múní ńkọ́?"