Ọkọ̀ Gẹ̀ẹ́sì Tó Ń Kú Lójú Ọ̀nà Sakété

Ní ọdún kẹta tí àwọn Faransé gbé ìjọba sílẹ̀, ọkùnrin mẹ́ta péré ló ń tún ọkọ̀ ṣe ní Pobè, Fálúyì sì ni wọ́n kórìíra jù nínú wọn. Ọmọ Ọ̀họ̀rí ni, ará Issaba, láti ilẹ̀ ẹrẹ̀ dúdú tí àwọn ará Sakété fi ń ṣe yẹ̀yẹ́. Abẹ́òkúta, níbi tí ọkọ̀ Gẹ̀ẹ́sì pọ̀ sí, ló ti kọ́ṣẹ́, kì í sì í fi pa mọ́ fún àwọn yòókù pé ọkọ̀ Faransé nìkan ni wọ́n mọ̀. Sẹ̀gilọlá ìyàwó rẹ̀ a máa sọ fún un pé ọwọ́ rẹ̀ ń kó èèyàn wá, ẹnu rẹ̀ ń lé wọn lọ.

Lọ́sàn-án ọjọ́ kan, ọkọ̀ akẹ́rù kan fi okùn wọ́ ọkọ̀ kékeré kan wá síwájú ṣọ́ọ̀bù rẹ̀. Fálúyì dá a mọ̀. Ọkọ̀ Gẹ̀ẹ́sì ni, tí ìjókòó awakọ̀ rẹ̀ wà lápá ọ̀tún, tí wọ́n rà wá láti Nàìjíríà. Àlájì Ṣàmsídéènì, oníṣòwò aṣọ ní Sakété, ló ni ín. Fálúyì ló tún bíréèkì rẹ̀ ṣe lóṣù tó kọjá.

Àlájì sọ̀kalẹ̀, Bonaventure awakọ̀ rẹ̀ tẹ̀ lé e. Wọn ò kí i kú iṣẹ́.

"Ìwọ ọmọ Ọ̀họ̀rí yìí, kí lo yọ nínú ọkọ̀ mi?"

Fálúyì nu ọwọ́ sí àkísà. "Àlájì, bíréèkì ni mo tún ṣe. Mi ò yọ nǹkan kan."

"Irọ́! Ẹ̀ẹ̀mẹta ló ti kú mọ́ mi lójú ọ̀nà. Lánàá, mò ń gbé ìyá mi tí kò lè mí dáadáa lọ sí ọsibítù ní Porto-Novo. Ọkọ̀ kú! Inú oòrùn ni wọ́n jókòó sí títí a fi rí ọkọ̀ èrò. Bí wọ́n bá kú ńkọ́? Ọlọ́pàá jàǹdáámù ni màá fi kó ẹ."

Bonaventure tutọ́ sílẹ̀. "Mo ti sọ fún Àlájì. Ẹrẹ̀ ni wọ́n mọ̀ ọ́n ro nílé wọn, wọn ò mọ mọ́tò."

Èrò ti ń pé jọ. Fálúyì fẹ́ lé wọn lọ, ṣùgbọ́n ó mọ̀ pé bí okùn bá tún wọ́ ọkọ̀ yẹn kúrò níbẹ̀, orúkọ òun ni wọ́n ń wọ́ lọ.

"Mi ò ní fọwọ́ kàn án," ó ní, "àfi bí ẹ̀yin fúnra yín bá dúró tì mí."

Ó ṣí iwájú ọkọ̀, ó ní kí Bonaventure yí kọ́kọ́rọ́. Nínú irú ọkọ̀ yìí, iná ló ń mú póńpù epo ṣiṣẹ́, kì í ṣe ẹ́ńjìnnì. Bí wọ́n bá ti yí kọ́kọ́rọ́, ó yẹ kó máa dún tà-tà-tà bí adìẹ tó ń ṣá àgbàdo nínú páànù. Póńpù ò dún. Fálúyì fi ìdí sùkúrùdíráfà gbá a jẹ́jẹ́. Kò dún.

Ó mú gílóòbù kékeré tó ní wáyà ẹsẹ̀ méjì. Ó tú wáyà tó ń gbé iná wá fún póńpù, ó so ó mọ́ ẹsẹ̀ kan, ó na ẹsẹ̀ kejì sí Àlájì.

"Ẹ fi kan irin ẹ́ńjìnnì."

Àlájì fi kàn án, ìkórìíra lójú. Gílóòbù tàn.

"Iná ń dé ibẹ̀. Kì í ṣe bátìrì, kì í ṣe wáyà yìí."

"Póńpù ló ti jóná nìyẹn," Bonaventure ní. "Ìwọ lo sì jó o."

Fálúyì ò wò ó. Ó dá wáyà àkọ́kọ́ padà sáyè rẹ̀, ó mú òmíràn tó gùn, ó fi orí kan rẹ̀ kan ẹ́ńjìnnì, ó fi èkejì kan ara póńpù. Tà-tà-tà-tà! Àwọn èrò pariwo.

"Iná tó bá wọlé gbọ́dọ̀ rí ọ̀nà jáde," Fálúyì ní. "Póńpù yín ò rí ọ̀nà."

Ó tú ìdè tó mú wáyà kúkúrú tó so póńpù mọ́ ara ọkọ̀. Ọ̀dà aláwọ̀ ewé ló ki pọ́pọ́ lábẹ́ rẹ̀. Orí ọ̀dà ni wáyà jókòó sí, kò kan irin dáadáa. Bí ọ̀nà bá gbọ̀n ọ́n, wáyà á kàn án díẹ̀, á tún fi í sílẹ̀.

"Nígbà tó wà lọ́wọ́ mi, funfun ni ọkọ̀ yìí. Ta ló kùn ún?"

Bonaventure wolẹ̀. Gbogbo Sakété ló mọ̀ pé Àlájì ló ní kí wọ́n kùn ún ní Porto-Novo nítorí ìgbéyàwó Ràúdátù ọmọ rẹ̀.

Fálúyì fi ọ̀bẹ ha ọ̀dà náà títí irin fi dán, ó sì dè é padà. Ẹ́ńjìnnì dáhùn lẹ́ẹ̀kan náà. Àlájì yíjú sí Bonaventure, ó bú u tìyá tìyá, ó wọnú ọkọ̀. Fálúyì dúró síwájú rẹ̀.

"Ẹ sọ fún àwọn tó gbọ́ èébú yín pé ọ̀dà ni."

"Kúrò níbẹ̀ kí ọkọ̀ tó gbá ẹ."

Ó kúrò.

Ara ìyá Àlájì yá, ṣùgbọ́n Àlájì ò kí Fálúyì mọ́ láéláé. Ó pẹ́ tí wọ́n ń sọ ní Sakété pé ọmọ Ọ̀họ̀rí kan ń ba ọkọ̀ jẹ́ ní Pobè. Àwọn ará ìlú Aguidi ló kọ́kọ́ gbé ọkọ̀ tiwọn wá, lọ́kọ̀ọ̀kan.

Lẹ́yìn ọdún kan, Àlájì lé Bonaventure kúrò lẹ́nu iṣẹ́. Bonaventure wá sí ṣọ́ọ̀bù Fálúyì, ó ní kí ọ̀gá jọ̀ọ́ kọ́ òun níṣẹ́. Fálúyì jẹ́ kó dúró sínú oòrùn títí òun fi parí ohun tó ń ṣe, kó tó dá a lóhùn.

"Ẹrẹ̀ ni mo mọ̀ ọ́n ro. Máa lọ."

Sẹ̀gilọlá gbọ́ láti inú ilé. Nígbà tó gbé oúnjẹ wá, ó ní, "Ohun tí wọ́n ṣe fún ẹ náà lo ṣe fún un yìí."

Fálúyì fọwọ́, ó bẹ̀rẹ̀ sí í jẹun.