Táìlì Bálùwẹ̀ Àlejò

"Wá bá mi wò ó." Bí Màmá òkè ṣe máa ń pè mí nìyẹn, tí wọ́n bá ti gbọ́ ìró kọ́kọ́rọ́ mi. Òṣìṣẹ́ ìjọba tó ti fẹ̀yìn tì ni wọ́n, òkè yàrá mi ní Festac níbí ni wọ́n ń dá gbé. Ọkọ wọn ti kú, àwọn ọmọ wà ní Kánádà.

Táìlì bálùwẹ̀ àlejò ni wọ́n ń pè mí wá wò. Bálùwẹ̀ ọ̀hún kò fẹ̀ ju ẹní kan lọ. Wọ́n ra táìlì funfun àti dúdú ní Agboju, wọ́n kàn tò ó sílẹ̀ láìsí sìmẹ́ńtì. Lónìí, wọ́n á tò ó ní gbọọrọ. Tí mo bá tún fi máa dé, wọ́n á ti yí i sí igun. Màá bọ́ bàtà, màá dúró lé e, wọ́n á gbé ẹ̀pà wá. Ká tó mọ̀, a ti gbàgbé táìlì, à ń sọ̀rọ̀ àwọn aládùúgbò tó ti kó lọ.

Bí mo bá ní kí wọ́n mú ọ̀kan nínú ìtò méjèèjì, wọ́n á ní, "Ẹni bá kánjú lẹ táìlì, ẹkún ló máa fi hú u."

Ní Sátidé kan, mo mú ẹni tó ń lẹ táìlì wá láti Mile 2. Wọ́n fún un lómi tútù, wọ́n ní àwọn ṣì ń rò ó. Nígbà tó lọ tán, inú bí mi.

"Mà, kí lẹ tún ń rò? Ẹ ò ṣe jẹ́ kó lẹ̀ ẹ́?"

Wọ́n bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀, wọ́n yí táìlì kan padà.

"Tó bá lẹ̀ ẹ́ tán, kí lo máa tún wá wò?"